Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Kọ Ọ́ Pé Ọmọ Náà Ṣubú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Èébú yẹ mi, mi ò sá fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ikùn mi fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti sú mi. Èmi fúnra mi sú ara mi. Àwọn tí a jọ pa irọ́ náà sú mi pẹ̀lú.

Tíṣà ni mí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀, tí kò jìnnà sí Boundary, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọmọ tí a ṣẹ̀ ti dàgbà. Ó bi mí ní ìbéèrè kan lójúkojú, mo sì tún fi òótọ́ pamọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹta.

Orúkọ tí màá pè é níbí ni Sìkírátù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, kíláàsì kẹfà ló wà. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ń ru àpò sìmẹ́ńtì ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ìyá rẹ̀ ń se ẹ̀kọ tà. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju gbogbo àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ń gbéraga. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni.

Tíṣà tó ń kọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká pè é ní Adéoyè. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, torí ọdọọdún ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń yege ìdánwò láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Bó bá na ọmọ, ìyá ọmọ á tún dúpẹ́: "Ẹ ṣeun, Tíṣà, ẹ bá mi nà án dáadáa." Nígbà tó yá, pàṣán kò tó o mọ́. Ó ń fi ọwọ́ gbá ọmọ létí. Ó ń fi orí ọmọ gbá ògiri.

Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé àwọn tíṣà yòókù kò mọ̀ gbọ́. A máa ń mọ̀.

Pátákó lásán ló la kíláàsì mi àti tirẹ̀ láàárín, ó sì ti lu ní ibì kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò, mo gbọ́ ohùn Sìkírátù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdáhùn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàgbé láti yá ọ̀kan."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo yọjú gba ibi tí pátákó ti lu. Mo ka ìṣirò tí Adéoyè kọ. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Adéoyè pè é jáde. Ó gbá a létí òsì. Ó tún gbá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà rọ sílẹ̀ bí aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí rẹ̀ jáde. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ẹnu tíṣà rẹ̀, ó ní, "Sà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àpápá. Omi ti bo ojú ọ̀nà. Mo pọ̀n ọ́n, ó sì ti gùn ju ẹni tí wọ́n ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nínú omi. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní awọ etí ti ya. Ó bi mí pé, "Kí ló ṣe é?" Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Mi ò tíì mọ̀! Èmi tí mo fi ojú ara mi rí i.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí sí ọ́físì. Àgbàlagbà ni wọ́n. Adéoyè jókòó síbẹ̀, ó ń nu ẹfun kúrò ní ọwọ́.

Ọ̀gá ní, "Míìsì, ọ̀rọ̀ ilé lèyí. Bó bá dé ọ́físì ẹ̀kọ́, ta ni yóò kọ́ kíláàsì kẹfà? Ìdánwò ku oṣù méjì. Ọmọ yẹn ń sáré lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó ṣubú."

Mo ní, "Sà, mo rí i."

Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. O rí i pé ó ṣubú."

Wọ́n wá ti ìwé ńlá tí a máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-ìwé sí síwájú mi. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́, torí ìkọ̀wé mi dára. Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ nígbà náà, ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá yóò kọ nípa mi ló kù. Wọn ò dárúkọ ìwé ẹ̀rí náà rárá. Kò sídìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé Sìkírátù ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, níbi tí a ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣeré. Mo tún kọ ọ́ pé ó fi etí gbá sìmẹ́ńtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ eléyìí: kò sẹ́ni tó ní kí n fi ti sìmẹ́ńtì sí i. Èmi ni mo rò ó fúnra mi, kí irọ́ náà lè dúró dáadáa.

Tíṣà obìnrin kan wà tó jẹ́ ará Warri. Mo fẹjọ́ sùn ún lábẹ́ igi. Ó ní, "My sister, no put mouth for this matter o. Dem go pursue you." Ó fẹ́ràn mi ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo àwọn tó fẹ́ràn mi ṣe gbà mí nímọ̀ràn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Sìkírátù wá láti wọ́ọ̀fù, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní irun rẹ̀. Ọmọ ti sọ òótọ́ fún wọn nílé. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn ṣí ìwé, wọ́n kà á sí i létí. Ọkùnrin náà kò mọ̀wé, ó sì bọ̀wọ̀ fún ohun tó bá wà nínú ìwé. Ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ pọn ọmọ mi lọ ọsibítù. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà. Ṣé ó ṣubú ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ṣubú."

Ó ní kí ọmọ kúnlẹ̀ bẹ Adéoyè. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Èyí kò tó ọ̀gá ilé-ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè é síwájú gbogbo ilé-ìwé nígbà tí a tò sórí ìlà, pé kó tọrọ àforíjì torí pé ó purọ́ mọ́ tíṣà. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí dáadáa, ó ń yí etí ọ̀tún sí wọn. Owú ṣì wà ní etí òsì. Lẹ́yìn tó bẹ̀bẹ̀ tán, ó wò mí. Èmi ń wo àsíá.

Kò parí ọdún yẹn. Kò ṣe ìdánwò. Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Láìpẹ́ Adéoyè ṣẹ́ ìka ọmọkùnrin kan. Ìyá ọmọ yẹn pariwo dé ojú ọ̀nà, ọ̀gá sì rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ tú síta. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bá a wá àyè sí ilé-ìwé mìíràn ní Ìjọra Badia. Ta ló fi ìkọ̀wé tó dára kọ lẹ́tà tó mú lọ? Èmi náà ni. Mo kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn ọmọdé.

Ó ṣe tirẹ̀ ní Badia, wọ́n tún gbé e lọ sí apá Kirikiri. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ pọ̀ tí tíṣà kò tó, wọ́n sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ibẹ̀ ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí tíṣà bá ti ṣe ọmọ kan léṣe, ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ká lọ wá àwọn ọmọ mìíràn fún un? Ọdọọdún ni wọ́n ń rán alábẹ̀wò wá láti ọ́físì ẹ̀kọ́. Wọ́n á yẹ rẹ́jísítà wò, wọ́n á ka àga, wọ́n á ní kí a gé koríko. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́, mi ò rí alábẹ̀wò kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó bi ọmọ kan pé, "Ṣé ara rẹ dá níbí?" Ẹ̀ẹ̀kan péré kò sí, ẹ̀yin ènìyàn!

Ìyá Sìkírátù ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ ránṣẹ́ sí mi, pé èmi ni mo gba ọmọ àwọn là. Ọdún mẹ́sàn-án. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Sìkírátù fẹ́ lọ sílé ọkọ báyìí. Ní oṣù tó kọjá, ó wá sílé mi láti wá pè mí síbi yìgì. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí yóò ti lè fi etí ọ̀tún gbọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Ọmọ mi, gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ó ti pẹ́."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé ọ́físì ẹ̀kọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí mo padà dé, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún náà wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ó ní, "Ìwé yìí ní ọmọ ṣubú. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ tún wá ní kò ṣubú. Nínú ẹ̀yin ti ìgbà yẹn àti ẹ̀yin ti òní, èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo ní, "Ẹ pe ọmọ náà, sà. Ẹ bi í."

Ó ní, "Ṣé ọmọdé la ó wá máa pè bá àgbà rojọ́ ni?"

Mo ní ọmọ náà ti pé ogún ọdún. Ó ní àwọn yóò wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wò ó lóòótọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà dé: èmi ni wọ́n gbé kúrò. Badagry ni wọ́n ní kí n lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀. Adéoyè wà ní ipò rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, yálà o ṣẹ̀ tàbí o sọ̀rọ̀.

Mo wá lọ bá Sìkírátù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Mi ò jókòó. Mo ní, "Mo rí i. Ó gbá ọ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kọ ọ́ pé o ṣubú. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó yí etí ọ̀tún sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti mọ̀, Tíṣà. Màmá mi ni kò mọ̀. Wọ́n nà mí lọ́jọ́ yẹn nítorí irọ́ tí mi ò pa. Títí di òní, bí mo bá sọ nǹkan fún wọn, wọ́n á ní kí n búra. Ẹ lọ sọ fún wọn kí n tó kúrò nílé."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyá rẹ̀ nà án. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì bèèrè.

Mo ti dé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, àlejò kún ilé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá nìkan ló wà. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n pe ará ilé kejì: "Ẹ wá wo Tíṣà tó pọn Sìkírátù la omi kọjá." Mo mu omi tí wọ́n bù fún mi, mo dìde, mo lọ. Ẹnu tí mo fi purọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wúwo lójijì!

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ tì í padà. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ pe òbí, ẹ pe ọ́físì, ẹ yọ ẹni náà kúrò níwájú àwọn ọmọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àròyé. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kò gba kí n máa kọ́ yín. Mo sọ ọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá ni mo ń bẹ̀ jù. Ká ní ẹ̀yin lẹ na ọmọ yín lórí òótọ́, tí ẹ sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó purọ́ mọ́ ọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà yín, kí lẹ ó fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, ẹ má pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n so yìgì. Ọmọ náà ti ń di ẹrù rẹ̀.