Oríkì Nínú Àdúrà

Nínú takisí láti Bẹẹrẹ sí Mọlete, mo jókòó ti ìyá méjì tí wọn ò mọra wọn rí. Ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé:

"Bí pásítọ̀ wa bá ń gbàdúrà fún gbogbo ìjọ, wọ́n á gbọ́ ọ dé Mápó. Ìyá àgbà ìjọ wa tó ti sùn nínú Olúwa, wọn kì í pariwo ní tiwọn. Wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa fi oríkì mi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń fa ọmọ tó sọnù lé bàbá ẹ̀ lọ́wọ́."

"Ẹ máa gbà á fúnra yín náà."

"Mò ń gbà á. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Àmọ́, ta ni yóò fà mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́?"

Bí a ṣe ń kọjá Ìdí Arẹrẹ, èkejì rọra bi í pé, "Kí ni oríkì yín?"