Àmì Ọ̀bẹ Ẹni Mẹ́rin

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá agbẹ́gilére kan àti obìnrin tó jókòó tì í nínú mọ́tò Ẹ̀fọ̀n. Obìnrin náà ń wo àwọn ẹyẹ onígi kéékèèké inú àpò bàbá.

"Bàbá, àmì tó wà nídìí wọn ò jọra."

"Oníkálukú ló ní àmì ọ̀bẹ tirẹ̀, ọmọ mi. Ẹni mẹ́rin ni wá nínú ẹgbẹ́. Àmì yìí ni àwọn òyìnbó tó ń rà á fi ń pín owó, kí èrè rẹ̀ lè kárí gbogbo wa."

"Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Ta ló wá gbẹ́ ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀ ń gba ìpín wọn nìyẹn."

"Ulé àwọn opó wọn ni mò ń gbé e lọ." Ó fa ẹyẹ kan yọ nínú àpò. "Ẹni tó kú kẹ́yìn, ìrù ẹyẹ tirẹ̀ máa ń gùn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń gbẹ́ ẹ kí n tó fi àmì rẹ̀ sí i. Tí mo bá gbẹ́ ẹ tán, màá bú ọkùnrin náà nítorí ìrù gígùn yẹn, bí mo ṣe máa ń bú u tẹ́lẹ̀."

"Ó ń dá yín lóhùn?"

"Rárá. Mo kàn ń jẹ́ kí ìrù ẹyẹ tó kàn gùn sí i ni, bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá bú u."