Wọ́n Ní Kí N Má Pè

[Fóònù dún. Ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò! Àbúrò! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìnàjò o. Ṣé ẹ sùn dáa—

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹn, ẹn. Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?

ÀBÚRÒ: Èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì. Àwọn káfíńtà wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n ń kàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Mo ti wà lọ́dọ̀ onípákó látàárọ̀. Wọ́n ti kó ẹrù wa sínú lọ́rì tán, ó wá ní kí lọ́rì má tíì gbéra.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní òun ò tíì rí owó kankan. Mo ní irọ́ ni. O ti san án, àbí?

ÀBÚRÒ: Há, lánàá! Bí mo ṣe rí ímeèlì yín báyìí ni mo san án.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó da— [ẹ̀rọ pariwo] —ímeèlì wo?

ÀBÚRÒ: Èyí tí ẹ ní onípákó ti yí account ẹ̀ padà. Pé kí n sanwó sí tuntun.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kọ́! Inú mọ́tò ni mo wà lánàá. Mi ò kọ nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni! Ṣé o gbọ́ mi?



ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi ṣe irú eré yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ohùn ẹni tó ń ṣeré nìyí? Owó ilé-ìwé tó gbé iṣẹ́ fún wa ni o! Owó tí wọ́n san sílẹ̀ fún tábìlì àwọn ọmọ! Ṣé gbogbo ẹ̀ lo kó lọ síbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Gbogbo ẹ̀. Ẹ dúró, ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù kejì pe báǹkì.

[Ohùn rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán: "Ẹ jọ̀ọ́, ma… wọ́n lù wá ní jìbìtì ni… ẹ ò lè dá a dúró?… Gbogbo ẹ̀ náà?"]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n wí? Àbúrò! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ti ń kó o jáde. Kí n máa bọ̀ ní báǹkì, àwọn á gbìyànjú. Àmọ́ wọ́n ní kí n má fọkàn sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè! Mo gbé!

[Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀: "Ọ̀gá, ṣé ká máa já ẹrù yín sílẹ̀?"]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan! Àbúrò, ìwọ tó o kàwé! Wọ́n yí account padà, wọ́n tún ń kán ẹ lójú, ṣé ara ò fu ẹ́ ni?

ÀBÚRÒ: Ara fu mí. Mo wo address ẹ̀ dáadáa. Tiyín ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò wá lè pè mí? Ìpè kan ṣoṣo!

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní kí n má pè. Wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì náà pé ẹ wà ní meeting.

Ẹ̀GBỌ́N: O sì gbà?

ÀBÚRÒ: Kí lẹ kọ sára ògiri tó wà níwájú mi yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ la—

ÀBÚRÒ: "Ohun tí mo bá ti kọ, ṣe é. Má pè mí." Ọjọ́ tí mo pè yín nítorí ìṣó lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Orí speaker lẹ wà, oníbàárà jókòó síwájú mi, ẹ ní ṣé ọpọlọ mi ti jó ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìṣó nìyẹn! Owó lèyí!

ÀBÚRÒ: Ẹ ò kọ ìyẹn mọ́ ọn.

[Ẹ̀rọ dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fún ní password yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò fún ẹnì kankan. Ta ni màá… Nǹkan kan ṣáà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ímeèlì mi ti kún, pé àwọn máa tì í pa tí mi ò bá tẹ ibì kan, kí n fi password sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹ sì fi sí i?

[Ariwo wọ ìlà fóònù.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ fi sí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní kí n tètè ṣe é.

[Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn.]

ÀBÚRÒ: Inú ímeèlì yín ni olè náà wá jókòó sí látìgbà yẹn. Ó ti ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ sí mi. "Olódo." "Ṣé orí ẹ pé?" Ó kà á tán, ó rí i pé tí wọ́n bá ti ní kí n má pè, mi ò jẹ́ pè.

Ẹ̀GBỌ́N: Fi ìyẹn sílẹ̀ ná! Wọ́n ti ń já ẹrù o! Kí la fẹ́ wí fún ilé-ìwé?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Ímeèlì yẹn ní "jọ̀ọ́." Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi, mo mọ gbogbo wàhálà rẹ." Mo kà á ní àkàtúnkà. Omi bọ́ lójú mi, níbi tí mo jókòó sí yìí.

[Pákó ń já lulẹ̀, gbàgà, gbàgà.]

ÀBÚRÒ: Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò— hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Ìpè já.]