Àpótí Oníhò Méjì tí Mo Kàn

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti bú àbúrò mi pé kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó mọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dákẹ́. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé eruku pákó tí mo ti ń fà símú láti ogójì ọdún ti dí ẹ̀dọ̀fóró mi, kí n yáa palẹ̀ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ohun tí mo ní láti palẹ̀ mọ́ kò ju àpótí kan lọ, mo sì fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹnu mi tó pa dé.

Ìwé kẹrin ni mo kà. Olùkọ́ kan nà mí lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, mo ní mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá mi fi omijé bẹ̀ mí, bàbá mi fi pàṣán bẹ̀ mí, mi ò lọ. Mi ò tíì dárí ji olùkọ́ náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ó ti kú tipẹ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló kàwé dé òpin. Èmi ni mo mú un wọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí mo ti ń kan ilé àti àga fún àwọn eléré. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré nípa àwọn kan tó wọ ọkọ̀ gba ojú sánmà lọ, tí wọ́n ń wá ìràwọ̀ tí wọ́n lè fi ṣe ilé. Ìràwọ̀ Keje ni orúkọ eré náà. Ọwọ́ mi yìí ló kan ọkọ̀ wọn. Pákó ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò ni àwọn bọ́tìnì rẹ̀, ìdérí ìkòkò ńlá ni mo fi ṣe fèrèsé. Bí wọ́n bá tan iná sí i, ẹ ó búra pé irin ni.

Ṣùgbọ́n ta ló ń bi Káfíńtà? Bí àwa méjèèjì bá jọ ń rìn lójú títì, òun ni wọ́n ń pè. "Akọ̀wé! Ìgbà wo ni wọ́n máa débẹ̀?" "Akọ̀wé, ẹ má pa ọ̀gá ọkọ̀ o, ìyá mi ò ní jẹun!" Èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú pákó lórí, bí ẹni tó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àwọn oníwèé ìròyìn wá ya àwòrán àwa méjèèjì ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà. Nígbà tí ìwé jáde, àbúrò mi ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nínú tèmi, ìgúnpá nìkan ló kù. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwọn ló gé e." Mo ní kò séwu. Mo gé àwòrán náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí irinṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣí i láàárọ̀, tí mo ń kí ìgúnpá mi.

Lọ́dún kẹrìnlá eré náà, àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí ìtì igi. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Orí mi ti ń gbẹ. Ìgbà tí ọbẹ̀ ṣì ń dùn lẹ́nu là ń fọwọ́. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, n kì í bá a jẹun alẹ́. Mo ti mọ bó ṣe máa parí. Wọ́n á gúnlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ á ṣílẹ̀kùn, á pa iná, á jáde. Ó tán nìyẹn."

Mo ní ó dára. Ó sì dára lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ tí obìnrin tó ń kun ojú àwọn eléré ń sọ pé, "Tó bá lè parí ẹ̀ báyìí tó ṣì ń dùn, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ìṣó. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba ẹ̀tẹ́. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, á fi kìlọ̀ fún ara rẹ̀. Èmi gbọ́ ọ, mo fi gbèrò ibi. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ó ṣe é jù, kó lè tẹ́.

Nígbà tí àbúrò mi sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, ọ̀gá kò fẹ́ dá pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Àwọn òǹwòran ló ni eré. Káfíńtà, kan àpótí oníhò méjì. Ihò ọ̀tún, Ó Tó. Ihò òsì, Kó Máa Lọ. Kí wọ́n kọ èrò wọn sí káàdì, kí wọ́n jù ú sí ibi tó bá wù wọ́n." Ọ̀sẹ̀ méjì ni àpótí náà máa fi wà lẹ́nu géètì.

Iṣẹ́ mi tó dára jù lọ láyé ni àpótí yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Lábẹ́ ihò ọ̀tún, mo kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dagẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Káàdì tó bá bọ́ lé e á yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, sínú àyè kan tó fara pa mọ́. Ìwọ̀nba èyí tó bá há sí etí pátákó ló máa kù lókè. Bí èmi àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá ń gbé àpótí náà wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Káfíńtà, kí ló dé tí nǹkan yìí ń fì sí ọ̀tún?"

"Igi tútù ni."

"Igi tútù tó ń sanra lójoojúmọ́! Bá mi béèrè ohun tó ń jẹ."

A jọ rẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí lábẹ́ ẹ̀wù.

Lójú gbogbo wa ni ọ̀gá fi ṣí i. Ọ̀tún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òsì, ó lé ní irínwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi rọra jókòó. "Ó dáa," ló wí, "tí wọ́n bá ṣì ń fẹ́ ẹ." Ó wò mí, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ẹ ó máa tún ọkọ̀ yẹn kàn títí ni o." Mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ọwọ́ yìí náà ni.

Ká ní ó parí síbẹ̀, bóyá ǹ bá lè pè é ní ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé àpótí náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tìlẹ̀kùn, mo ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Káàdì ya lu orúnkún mi. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n pẹ̀lú ìwé kẹrin mi. Bàbá aránṣọ kan kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ràn wọn débi pé mo fẹ́ kí wọ́n délé lójú ayé mi." Lẹ́yìn náà mo kan ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Mo mọ ọwọ́ náà. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni ọmọ àbúrò mi ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Bàbá Onígi ló ń pè mí. Ó kọ ọ́ pé, "Ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀, kí bàbá mi lè wá jẹun nílé."

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá máa tó fọwọ́ sí ìwé pé kí eré náà máa lọ. Ààyè ṣì wà. Ká ní mo kàn sọ pé pátákó ló yẹ̀, irọ́ yẹn ì bá gba gbogbo wa là. Mo wo káàdì náà, mo wo ìgúnpá mi nínú ìdérí àpótí irinṣẹ́. Mo kó gbogbo káàdì padà, tọmọ náà pẹ̀lú, mo sì fi ìṣó mẹ́fà kàn án pa.

Ọdún mẹ́jọ ni eré náà tún fi lọ. Òkú jí nínú rẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ gbé ìyàwó mẹ́ta. Àwọn ọmọdé ń pariwo tẹ̀ lé àbúrò mi, "Akọ̀wé, ṣé epo ò tíì tán ni?" Wọ́n ní ojúkòkòrò ni kò jẹ́ kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń sùn sí ọ́fíìsì. Ọkọ̀ mi náà di ẹ̀sín, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, pákó ni!" Èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ dá eré náà dúró láìjẹ́ kó parí rẹ̀, wọ́n fi ìjàkadì rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta péré.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi àti ọmọ rẹ̀, tó ti di obìnrin. Mo yọ ìṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú wọn. Wọ́n kà títí. Ọmọ náà rí tirẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá Onígi, mo rò pé ihò òsì ni mo jù ú sí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bú ara mi pé èmi ni mi ò jẹ́ kí bàbá mi wálé."

Àbúrò mi bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà yẹn?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó fi káàdì náà sápò, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Káfíńtà, à ń lọ." Láti ọjọ́ tó ti mọ̀rọ̀ sọ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá gé yín kúrò nínú àwòrán, ẹ jù ú nù lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e sí ibi tí ẹ ó ti máa kí i láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ Ó Tó, ẹ dárí jì mí. Káàdì yín ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kó dárí jì mí, bí kò ṣe kó kọ ojú ìwé tó kù, nítorí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n délé. Bí ikọ́ bá ti fún mi láyè, mo ń dìde kan ilẹ̀kùn tí ọ̀gá ọkọ̀ máa ṣí. Ó ku ọwọ́ àbúrò mi.