Hàntú Tí Rahmah Mu Lásán

"Ẹ dúró, Àáfà! Ẹ dáwọ́ àdúà yẹn dúró! Bí mo bá ṣe àmín sí i, Ọlọ́run á bi mí."

Haneef ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ni, nílé àwọn Rahmah, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó wo àìsàn ìgbàgbé Rahmah sàn ni. Òótọ́ ọ̀hún ò gbé inú rẹ̀ mọ́, àfi kó bọ́ síta.

"Rahmah ò gbàgbé nǹkan kan rí! Èmi olórí burúkú yìí ni. Nílé ìwòsàn tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń wọ gbogbo kọ̀ǹpútà, ìkáwọ́ mi sì ni ti gbogbo wọn wà. Orí àga mi ni mo ti ń fún ni, ibẹ̀ ni mo ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Rahmah wù mí, ojú ń tì mí láti sọ. Ni mo bá yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ó sáré gòkè wá bá mi: 'Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ̀dá Haneef, mo ti gbàgbé o.' Inú mi dùn ṣìnkìn! Mo tún un ṣe fún un. Nígbà tó yá, mo tún yí i padà, mo ń ṣe é lemọ́lemọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà pé àìsàn ìgbàgbé ń ṣe òun. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fi bẹ̀ mí, mo jẹ ẹ́! Ọ̀dájú ni mí."

Ràmọ́tà, ìyá Rahmah, káwọ́ lérí. "Haneef! Hàntú tí Àáfà ń fọ̀ lára wàláà, tí mò ń fún ọmọ mi mu láràárọ̀ kí iyè rẹ̀ lè là ńkọ́?"

"Mo mọ̀ sí i, mà, mo dákẹ́. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí yàrá oògùn. Ó wá sunkún lọ́dọ̀ mi, ó ní, 'Ẹni tí ò lè rántí páswọ́ọ̀dù, ṣé á rántí oògùn aláìsàn? Mi ò ní gbà á.' Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé ó ṣe dáadáa. Ẹ forí jì mí, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọmọge bá wù yín, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ fún un o."

Rahmah bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó fò mọ́ ìyá rẹ̀.

"Àlùhámúdùlílàhì! Nǹkan kan ò ṣe orí mi!"

Ràsákì, bàbá Haneef, rọra bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ṣì máa fẹ́ ẹ?"

Rahmah nu ojú. "Orí mi pé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi rò ó."