Wákàtí Ọmọ Mi Ni Mo Fi Kàwé

Tíṣà ni wọ́n ń pè mí báyìí ní àdúgbò wa ní Ìgàndò. Àwọn obìnrin tí a jọ máa ń tò sídìí ẹ̀rọ omi a máa dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọn a ní, "Tíṣà, ẹ kú oríire o, ohun tí ojú ń ti àwa láti ṣe lẹ ṣe yẹn." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń dúpẹ́. Àmọ́ tí mo bá ti wọlé, tí mo rí ẹní tí Ṣẹ̀rífá, àkọ́bí mi, máa ń sùn lé, tó wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ńṣe ni mo máa ń yíjú kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò yìí, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ kò dùn-ún wò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ó ku ọdún kan péré kí n jáde ilé ìwé girama ni bàbá mi kú, kò sì sẹ́ni tó lè rán mi mọ́. Bí mo ṣe wá sí Èkó nìyẹn, tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ mi. Tó bá ti forí lé òkè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà wálé. Ọmọ mẹ́ta la bí: Ṣẹ̀rífá tó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, àti àwọn ìbejì tí wọn ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Èmi a máa dáná fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan nítòsí ilé wa, a sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé, níbi tí a ti ń ta gàárì, ṣúgà, ọṣẹ àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá tó ni ilé ìwé náà rí mi níbi tí mo ti ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin yìí, ẹ mọ bí a ṣe ń bá ọmọdé lò o. Ká ní ẹ ní ìwé mẹ́wàá ni, inú kíláàsì ló yẹ kí ẹ wà, kì í ṣe ìdí ààrò." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé Ṣẹ̀rífá náà kò tíì ní ìwé mẹ́wàá tirẹ̀, torí ibà dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèdánwò. Láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ apoògùn lòun máa ṣe. Mo ní, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi àti ọmọ mi á jọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tí àwọn tó ti kúrò nílé ìwé máa ń ṣe. Ọkọ mi fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan ní ọ̀nà Ìkọ̀tún la ti ń lọ gba lẹ́sìnnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi wá pé báwo la ṣe ń kàwé. Mo ní èmi máa ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí á fi wọlé sórí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ojú yín ló ti mọ ìwé yẹn, ẹnu yín ò tíì mọ̀ ọ́n." Ó ní tí a bá ti ka ojú ìwé kan, ká pa á dé, ká fi ẹnu ara wa sọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó máa gbọ́, ká sọ ọ́ fún ògiri. Ibi tí a bá ti há, ibẹ̀ gan-an ni ká tún ṣí wò. Lọ́jọ́ kejì, ká tó ka tuntun, ká kọ́kọ́ bi ara wa ní ti àná. Ó ní ká wá ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá, ká gbé aago síwájú, ká dáhùn wọn bíi pé inú gbọ̀ngàn la wà, ká sì máàkì ara wa láìṣojúsàájú. Ó ní wákàtí kan lójoojúmọ́ sàn ju ká jókòó ti ìwé látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ kan, ká sì pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé ká máa sùn dáadáa, pé ẹni tó ń kàwé tí kò ń sùn, asẹ́ ló fi ń gbọnmi.

Ẹ wò ó, ayé ìgbà yẹn dùn! Ọjọ́ kan ni èmi ń lọ sí lẹ́sìnnì, Ṣẹ̀rífá á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, á sì máa wo àwọn ìbejì. Lọ́jọ́ kejì, òun á lọ, èmi á dúró. Tí a bá pàdé, oníkálukú á kọ́ ẹnì kejì ní ohun tó kọ́. Ṣẹ̀rífá ló fi ẹyin inú ṣọ́ọ̀bù kọ́ mi ní ìṣirò tó ti ń lé mi káàkiri látìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Á ní, "Màámi, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀ jàre. Kò le, orúkọ ẹ̀ ló le."

Níbo ni nǹkan ti wá wọ́? Ìdánwò kékeré kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Tíṣà wa, fún wa ni. Mo gbòdo nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí irú wọn ń wo ìwé mi, ojú tì mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tí mo délé, mo ní kí Ṣẹ̀rífá fi ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Orí tìẹ ṣì tutù, ìgbàkígbà lo lè kà á. Tèmi ló ti gbó." Ó ní, "Kò burú, màámi." Ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Kó tó di oṣù kejì, ọmọ yẹn kò lọ sí lẹ́sìnnì mọ́ rárá. Tí a bá ti kírun àsùbá tán, èmi á jókòó ti ìwé. Òun á gbálẹ̀, á wẹ̀ fún àwọn ìbejì, á dáná, á ṣí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ni mo ń ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi. Àmọ́ ìwé kíkà tó dára, àyè ló ń jẹ. Níbo ni àyè tèmi ti ń wá? Mo mọ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo rí i láti ọ̀ọ́kán nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ya páálí ọṣẹ, ó ń kọ kẹ́mísírì sẹ́yìn ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń jà wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ kan wá ra ṣúgà, ó dìde. Ó padà jókòó, ẹlòmíràn wá béèrè ọṣẹ. Nígbà tó máa fi tún wo páálí yẹn, ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀nà ti dà rú mọ́ lójú. Kí ni mo ṣe? Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, mo sì lọ ṣí ìwé tèmi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màmá, Ṣẹ̀rífá dà? Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, àwọn tó ní làákàyè bíi tirẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n làákàyè kì í ka ìwé tí a kò ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré yìí. Ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ fóun náà pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Àbúrò ìyá mi kan wà ní Àgbàdo, opó tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, á wá bá wa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. N kò bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọkọ mi pè láti ojú ọ̀nà, ó bi mí bóyá èmi àti Ṣẹ̀rífá ń kàwé. Mo ní, "A ń kà á dáadáa." N kò sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, màá fìdí rẹmi, gbogbo àdúgbò á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èsì ìdánwò jáde. Mo yege. Ṣẹ̀rífá fìdí rẹmi. Ìṣirò tó fi ẹyin kọ́ mi, òun gan-an ló gbòdo nínú ẹ̀! Ó gbé fóònù tí a fi wo èsì náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ kú oríire." Ọkọ mi ra adìyẹ wálé. Bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó kọjú sí ọmọ yẹn, ó ní, "Ṣé o rí ìyá ẹ, pẹ̀lú bó ṣe dàgbà tó? Ìwọ tó jẹ́ pé inú ilé lo wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí lò ń fi àkókò tìẹ ṣe?" Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi jókòó síbẹ̀, mo ń jẹ ẹran.

Láti ìgbà yẹn ni Ṣẹ̀rífá ti ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ irun dídì lọ́dọ̀ obìnrin kan ní àdúgbò Command. N kò fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ o, àmọ́ ohun tó sọ ló gún mi lọ́kàn. Ó ní, "Màámi, orí mi ò gbàwé. Kí n má kàn máa tan ara mi." Ìforúkọsílẹ̀ mìíràn tún dé, ó ní kí wọ́n má ná owó lé òun lórí. Ìyá tó ni ilé ìwé ti mú mi kúrò nídìí ààrò wọ kíláàsì, àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, mo ń rí i bí ọmọ tí Ọlọ́run fún ní làákàyè ṣe ń pe ara rẹ̀ lólódo, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo pè é jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti ń retí pé á pariwo, pé á bú mi pàápàá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní mo ní làákàyè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Báwo ló ṣe sọ ọ́ gan-an? Ẹ tún un sọ, màámi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un sọ. Ìgbà yẹn lomi wá bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wò mí. "Ẹ mọ̀, màámi? Lọ́jọ́ tí dádì ń bá mi wí, ẹ ti mọ̀?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, ó kó gbogbo ìwé wa sínú òmíràn, ó sì lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àgbàdo. Mo sọ òótọ́ fún ọkọ mi. Kò pariwo, ó kàn ní, "Mo bú ọmọ yẹn níṣojú rẹ, o sì ń wò mí." Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ fún mi pé Ṣẹ̀rífá ti pe òun, pé ọmọ náà ní kí òun bá a forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Àbúrò ìyá mi náà pè, ó ní ọmọ yẹn kì í gbéra nídìí ìwé láàárọ̀, ó máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó sì ń sùn lásìkò. Fóònù tèmi nìkan ni kì í gbé.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra ìwé, kí ẹ tó wá tíṣà, ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé yín, kí ẹ mọ ẹni tí kò ráyè jókòó. Ọmọ tí ẹ ń pè lólódo lè jẹ́ ẹni tó ń ru ẹrù gbogbo ilé. Tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní Àgbàdo, kí n mú un padà wálé, àbí kí n fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń ráyè kàwé, bí kò bá tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ títí ìdánwò á fi kọjá? Ó ń ṣe mí bíi kí n wọkọ̀ lọ́la. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá débẹ̀, wákàtí ìwé kíkà rẹ̀ náà ni mo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.