Ọkọ̀ Ojú Omi tí Dárasími Kò Wọ̀

Òótọ́ kan ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà. Bí n kò bá tú u síta báyìí, a jọ máa wọ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ pàápàá kò sì ní gbà á. Èmi Àbẹ̀bí Ọláwuyì, aránṣọ ní Lotto, Mowe, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ẹ má ṣe wá ẹni tó bá mi kọ ọ́. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kí n tó mọ ìwé kà, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta báyìí. Dókítà ní Abẹ́òkúta sọ pé jẹjẹrẹ ọmú mi ti dé ẹ̀dọ̀, pé kí n lọ máa sinmi nílé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi. Ẹ̀yin obìnrin ìjọ tí ẹ ń pè mí ní ìyá rere, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n Dárasími ni kó kọ́kọ́ kà á.

Ọmọ àbúrò mi ni Dárasími. Ìyá rẹ̀ kú sí Ìkirè nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo sì lọ mú un wá sí Mowe. Mo fún un lóúnjẹ, mo wọ̀ ọ́ láṣọ, mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ má tí ì yìn mí. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ti dára ju tèmi lọ. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé Dárasími wà? Òun la fẹ́ kó gé e." Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ó wà nínú ilé, inú mi á sì máa ta bí ẹni gbé ata mì. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ojú mi ti ṣú, n kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Olúwajùwọ́n wá rán ṣòkòtò méjì lọ́dọ̀ wa. Yàrá kan ló háyà ní Ibafo, kò sì ní ẹbí kankan ládùúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá wọn ṣòkòtò méjì náà wò. Mo ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìbàdí rẹ ń yí padà lójoojúmọ́ ni?" Dárasími bú sẹ́rìn-ín, ó fi téèpù bojú. Láìpẹ́, Juwọ́n rìnrìn àjò lọ sí Ítálì. Ó ríṣẹ́ sí ìlú etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní Rímínì, níbi tí àwọn tọkọtaya ti ń wá gbafẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa di ọwọ́ àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi mú kí wọ́n má bàa ṣubú, kó sì bá ọ̀gá rẹ̀ gbé wọn lọ sójú òkun nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ránṣẹ́ pé Dárasími lòun fẹ́.

Dárasími kúnlẹ̀ níwájú mi. "Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe alárenà wa." Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí alárenà jẹ́. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọkùnrin dé etí obìnrin, ohun tó bá sì sọ ni wọ́n ń gbà. Bí mo ṣe tọ́ ọmọ náà nìyẹn, pé ọmọ tó nítìjú kì í dá bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ títí tí ilé ọkọ á fi dé. Nítorí náà, fóònù mi ni Juwọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí. Kì í sábà pè, ariwo ẹ́ńjìnnì àti afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra. Dárasími á jókòó tì mí, á kà á sókè, á kọ èsì, á sì dá fóònù padà fún mi. Bùkọ́lá onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ayé ti lajú, Dárasími ṣì ń fi fóònù Mọ́mì fẹ́ ọkọ!" Dárasími á ní, "Jẹ́ kí n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú Mọ́mì ju fóònù tèmi lọ."

Òun náà ló kọ́ mi níwèé. Ó na aṣọ láínìn dúdú sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo mọ lẹ́tà tán, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Juwọ́n ló di ìwé kíkà mi. Mo kà nípa kẹ̀kẹ́ tí ọkọ àti ìyàwó jọ ń wà létí òkun, tí ó ní ìbòrí bí agboòrùn. Mo kà nípa ẹja díndín tí wọ́n ń dì sínú bébà, tí wọ́n ń jẹ lórí iyanrìn láìwọ bàtà. Mo kà pé tí ọkọ̀ bá dé àárín omi, ọ̀gá á pa ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀, kálukú á máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ títí oòrùn á fi rì. Lọ́jọ́ tí mo dá èyí kà láìkọsẹ̀, Dárasími pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ mi. "Mọ́mì ti mọ̀wé o! Ẹ̀yin náà ẹ ó wá kí wa. Tá a bá wọ ọkọ̀, ẹ̀yin ẹ ó jókòó sẹ́yìn."

Sẹ́yìn. Ọmọ náà kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára bí abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo lò nílé Ọláwuyì ọkọ mi kó tó kú, ibì kan ṣoṣo tó sì mú mi lọ ni Owódé Ẹ̀gbá, pé kí n wá tẹ̀ka sórí ìwé ilẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní kí n máa wá mọ́tò lọ sílé, òun ń lọ rí ọ̀rẹ́ òun. Kí ló dé tí wọn yóò fi pa ẹ́ńjìnnì fún ọmọ tí mo tọ́, tí èmi yóò wà lẹ́yìn? Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n. Nínú, mò ń kà á gaara. Lẹ́nu, mò ń ṣe bí akólòlò. Dárasími á rọra pa mí lẹ́yìn, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Juwọ́n ní òun á wálé ní oṣù Kejìlá wá ṣe ìgbéyàwó, kí àwọn jọ padà. Dárasími ti gba ìwé ìrìnnà. Ó ra aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó fi rán gáùn kan, ó sì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó ní afẹ́fẹ́ òkun kò gbọdọ̀ gbé e sókè lójú ọ̀gá ọkọ òun. Aṣọ ọkọ̀ ojú omi ló ń pè é. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá gbójú sókè, òun ni mò ń rí. Bí ọmọ yìí bá lọ, ta ni yóò máa ránṣọ? Ta ni wọn yóò máa bèèrè lẹ́nu ọ̀nà mi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dárasími lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, fóònù sì dún. Àwòrán ni. Juwọ́n dúró nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ obìnrin òyìnbó kan mú, obìnrin náà wọ aṣọ funfun ìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ wá tẹ̀ lé e: "Oníbàárà wa òní nìyí. Ọkọ rẹ̀ ló ya fọ́tò yìí. Bí màá ṣe di ọwọ́ rẹ mú nìyẹn lọ́jọ́ tí o bá máa wọ̀ ọ́." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo fi àwòrán sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo fi ìwé tí ó kọ́ mi ṣe.

Nígbà tó dé, mo mú ohùn alárenà wọ̀. "Dárasími, jókòó. Juwọ́n pè. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní nítorí ìwé ìgbélùú, òun ti fẹ́ òyìnbó. Ó ní kí o wo fọ́tò." Ó gba fóònù, ó wò ó pẹ́. Kò ké. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ṣé ó dárúkọ mi nígbà tó ń sọ ọ́?" Mo ní, "Rárá." Kò sí ohun tó fipá mú mi kí n fi Rárá yẹn kún un. Irọ́ mi ti dúró láìsí i. Mo kàn fẹ́ rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí ni, mo sì rí i. Ó dá fóònù padà. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé," ó sì padà sídìí maṣíìnì, nítorí wọ́n fẹ́ wá gba aṣọ kan nírọ̀lẹ́.

Juwọ́n ń kọ̀wé, kò rí èsì. Mo ní kí n fi òpin sí i. Ohun gbogbo tí mo ti ń kọ tẹ́lẹ̀, Dárasími ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó wò ó kọ. Èyí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ronú kọ láyé mi: "Dárasími ti kú." Ó pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń ké bí ẹran tí ọ̀bẹ ti kàn lọ́rùn. Èmi náà ké. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe é? Ta ló bá yín kọ ọ́?" Mo ní ibà ni, mo ní aládùúgbò ló bá mi kọ ọ́. Dárasími gbọ́ ẹkún mi láti yàrá, ó sáré jáde, ó ń bi mí ta ló kú. Mo ti pa fóònù. Mo ní ará ilé wa kan ní Ìkirè ni. Ó jókòó tì mí, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Mo rò pé ó ti parí. Ní oṣù Kejì, Juwọ́n pè mí láti Ibafo pé òun ti dé, pé kí n mú òun dé ojú sàréè. Mo ní kó má wá sí Mowe, pé mo ti kó kúrò, pé Ifo la sin ín sí. Mo ṣáájú rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú kan níbẹ̀, mo bá Jẹ̀lílì tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá, sàréè ta ni?" Mo ní, "Èyíkéyìí, tó bá ṣáà tuntun, tí wọn kò kọ nǹkan sí." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Òkú kì í jà, Ìyá. Ẹ yan èyí tó wù yín." Mo yan ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò. Títí dòní n kò mọ ọmọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Juwọ́n dé, ó na gbọọrọ lé ilẹ̀ náà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó ní, "Dárasími, mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tiwa, àwa méjì péré la máa wà nínú ọkọ̀." Ó ń sọ fún un bí omi ṣe ń rí, bí ẹni pé ó máa dáhùn. Jẹ̀lílì tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Juwọ́n bẹ̀ mí pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi mú aṣọ ọkọ̀ ojú omi yẹn, kí n lè rí nǹkan rẹ̀ mú lọ." Mo ní, "Òun la wọ̀ fún un sin." Aṣọ náà wà lára ògiri ní Lotto lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tà á. Ọmọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú erùpẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi. Ọlọ́run yóò tọ́jú tiyín." Mo ṣe àmín.

Nígbà tí mo délé, Dárasími ń rán ojú bọ́tìnnì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín ti pọ́n fún erùpẹ̀, níbo lẹ lọ?" Mo ní òkú ni mo lọ sin. Ó gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ mi. Mo jẹ́ kó fọ̀ ọ́.

Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Dárasími kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Tolúwalọpẹ́ tó ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa fẹ́ ẹ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Dárasími ní tí ọkùnrin bá di ọwọ́ òun mú, òun á máa ronú ọwọ́ ẹlòmíràn tó tún ń dì mú lẹ́yìn òun. Ọdọọdún, ní ọjọ́ tí mo kọ ikú rẹ̀, Juwọ́n ń kọ̀wé sí mi: "Mọ́mì, ẹ bá mi dé ojú sàréè rẹ̀." N kò fèsì rí. Láti ìgbà tí àìsàn yìí sì ti dá mi dùbúlẹ̀, Dárasími ló ń wẹ egbò ọmú mi láràárọ̀, ó ń sé èémí kí n má bàa mọ̀ pé ó ń rùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ bọ̀wọ̀ fún wa, ẹ kúnlẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá máa sọ ayé yín dà, ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Àgbà náà ń jowú. Kò sí ewú tó ń pa owú.

Dárasími, mo fẹ́ ìdáríjì rẹ, n kò lè parọ́ pé n kò fẹ́ ẹ. Bí o kò bá ní i, o kò jẹ̀bi. Fóònù mi wà lábẹ́ ìwé yìí, n kò tì í. Àtẹ̀jíṣẹ́ Juwọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ti láya, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà nídìí ọkọ̀ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní àárọ̀ tí mò ń kọ èyí, ó gbà pé o ti jẹrà sí Ifo. Má tí ì wọlé wá bá mi. Pè é ná, kó gbọ́ ohùn rẹ.